Níbo Ni Kí Tọkọtaya Ti Jẹun ní Paris? Ìfiwéra Oríṣi Ilé Oúnjẹ fún Ọjọ́ Ìsinmi

Tọkọtaya tí wọ́n bá lọ lo ọjọ́ márùn-ún ní Paris yóò jókòó ti oúnjẹ bí ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó padà sílé. Ẹ̀ẹ̀kan péré nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò kí wọ́n tó gbéra, ìyẹn oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ pàtàkì tí wọn yóò ya fọ́tò rẹ̀. Mẹ́rìnlá yòókù, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ebi àti fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ nawọ́ pè wọ́n lẹ́bàá ọ̀nà. Mẹ́rìnlá yìí gan-an ni ó ń jẹ owó. Òun náà ni ó ń dá aáwọ̀ sílẹ̀, nítorí kò rọrùn kí ẹni méjì tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí ebi sì ń pa ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ìdáná ti pa iná, máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ìfẹ́.

Oríṣi ilé oúnjẹ ni mo fi wé ara wọn nínú àpilẹ̀kọ yìí, kì í ṣe ilé kan sí èkejì, nítorí pé alásè a máa kó lọ, ilé a sì máa bọ́ sọ́wọ́ olówó mìíràn, ṣùgbọ́n ìwà tí a mọ̀ mọ́ oríṣi kọ̀ọ̀kan kì í tètè yí padà. Èrò mi ni pé kí tọkọtaya fi ilé kékeré ṣe ìpìlẹ̀ ìsinmi wọn, kí wọ́n sì gbé oúnjẹ olówó ńlá kúrò ní alẹ́ lọ sí ọ̀sán.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Owó ni àkọ́kọ́. Ní ilẹ̀ Faransé, iye tí ó wà nínú ìwé oúnjẹ ni iye tí ẹ ó san: owó-orí, tí ó jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lórí oúnjẹ àti ìdá 20 lórí ọtí, ti wà nínú rẹ̀, owó iṣẹ́ àwọn agbáwo náà sì ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òfin ní kí wọ́n lẹ iye náà síta, níbi tí ẹni tí kò tíì wọlé ti lè kà á, nítorí náà ẹ dúró kí ẹ kà á dáadáa. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Owó ọpẹ́ fún agbáwo kì í ṣe dandan, bí ẹ bá sì fẹ́ fún un, yúrò díẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ lórí tábìlì tó. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń bù sínú ìgò, tí wọ́n ń pè ní carafe d'eau, àti búrẹ́dì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ó bá ń jẹun, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kàn sọ pé ẹ fẹ́ omi, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé omi olówó wá. Ohun mímu ni ó sábà máa ń sọ owó kékeré di ńlá.

Ẹ tún mọ ọ̀rọ̀ mélòó kan. Carte ni ìwé tí ẹ ti ń yan oúnjẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì ń san owó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Menu, ní ẹnu wọn, jẹ́ àkójọ oúnjẹ abala mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n dá iye kan lé lápapọ̀, formule sì ni àkójọ tí ó kéré sí i, tí ó wọ́pọ̀ ní ọ̀sán. Entrée jẹ́ ìpanu tí a fi ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun, kì í ṣe oúnjẹ gan-an.

Ìdánilójú ni ìkejì: ṣé ẹ ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí nígbà tí ẹ bá débẹ̀? Ọ̀pọ̀ ilé ìdáná ní Paris máa ń gba àlejò láti aago méjìlá ọ̀sán sí nǹkan bí aago méjì, wọn a pa iná, wọn a sì tún dá a ní aago méje tàbí méje ààbọ̀ alẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ilé kékeré kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ Ajé, nígbà tí oṣù Kẹjọ bá sì dé, àwọn olówó wọn a ti ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, wọn a lọ sinmi bí ẹ̀yin náà ti wá sinmi.

Ìkẹta ni ariwo àti àyè, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù lọ fún ẹni méjì. Ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ mẹ́jọ lè pariwo bá ariwo, ṣùgbọ́n tọkọtaya tí wọ́n ń pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó dá jẹun. Ní Paris, tábìlì a máa súnmọ́ ara wọn débi pé ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lè dá sí ọ̀rọ̀ yín. Ẹ má sì rò pé ìta ni ó ní ìtura: láti ọdún 2008 ni òfin ti ka sìgá léèwọ̀ nínú ilé oúnjẹ, gbogbo amusìgá sì ti kó lọ sí àwọn ìjókòó ìta.

Ìkẹrin ni ohun tí ẹnu yín gbà. Ẹni tí a tọ́ dàgbà nílé Yorùbá kì í fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ lára ẹran tí a ti sè, bẹ́ẹ̀ àwọn alásè Faransé gbà pé ẹran màlúù tí ó jinná tán ti bàjẹ́. Saignant ni ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn lára rẹ̀; à point, tí a lè rò pé ó jinná díẹ̀, ṣì pọ́n nínú; bien cuit ni kí ẹ sọ, bí agbáwo bá sì fajú ro, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ béèrè, nítorí wọn a máa gé e wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ àti ewébẹ̀ tí orúkọ wọn kò fi í hàn.

Kí a tó kúrò níbẹ̀: Bonjour ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu yín bí ẹ bá wọlé, Bonsoir bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ẹni tí ó bá wọlé láìkí ẹnikẹ́ni tí ó sì ní kí wọ́n fún òun ní tábìlì, ojú aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi ń wò ó. A kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní ìyẹn.

Bouillon: ilé oúnjẹ mẹ̀kúnnù

Omitoro ẹran ni ìtumọ̀ orúkọ yìí. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, alápatà kan tí ń jẹ́ Pierre-Louis Duval bẹ̀rẹ̀ sí í ta omitoro àti ẹran bíbọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọjà ńlá tí wọ́n ń pè ní Les Halles, àṣà náà sì tàn káàkiri ìlú. Bouillon Chartier, tí ó wà ní òpópónà Faubourg-Montmartre láti ọdún 1896, ṣì ń tajà nínú gbọ̀ngàn àtijọ́ tí ó kún fún dígí àti igi, níbi tí agbáwo ti ń kọ ohun tí ẹ pè sórí bébà tí ó bo tábìlì yín, orí bébà yẹn kan náà ni yóò sì ti ṣírò owó rẹ̀. Àwọn bouillon tuntun ti ń jáde láti bí ọdún mélòó kan, pàápàá láti ìgbà tí Bouillon Pigalle ti ṣí ní 2017.

Ní ti owó, kò sí ohun tí ó bá a dọ́gba láàárín ìlú: ẹ̀yin méjèèjì lè jẹ abala mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ mu ife wáìnì kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣòro kí owó yín kọjá 60 yúrò. Ìdánilójú rẹ̀ náà dára, nítorí Chartier máa ń ṣí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ó tò lórí ìlà. Wọ́n lè mú yín jókòó ti àlejò mìíràn lórí tábìlì kan náà, ariwo inú rẹ̀ kò kéré sí ti ọjà, bí ẹ bá sì jẹun tán, ojú agbáwo yóò sọ fún yín pé àwọn kan ń dúró. Oúnjẹ rẹ̀ mọ níwọ̀n: a yó, a kò sì ní rántí rẹ̀ pẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún alẹ́ ọjọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nígbà tí ó ti rẹ̀ yín tí ẹ kò ní ọ̀rọ̀ pàtàkì láti bá ara yín sọ.

Bistro: ilé kékeré tí olówó rẹ̀ ń sè fúnra rẹ̀

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ fi owó àti àkókò yín sí jù. Bistro jẹ́ ilé tí kò ju ogún sí ogójì ìjókòó lọ, tí ẹni tí ó ni ín sábà máa ń wà nídìí ìkòkò tàbí nídìí owó, tí ohun tí wọ́n sè lọ́jọ́ náà sì wà lórí pátákó dúdú tí wọ́n fi ẹfun kọ. Kíkéré ìwé oúnjẹ rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Ilé tí ó bá ní entrée mẹ́rin, oúnjẹ gidi mẹ́rin àti ìpanu adùn mẹ́ta lè se gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilé kékeré tí ó bá ní ọgọ́ta oúnjẹ nínú ìwé, inú yìnyín ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde. Láti ọdún 2014 ni òfin Faransé ti fi àmì kan lélẹ̀ fún oúnjẹ tí wọ́n sè níbẹ̀ láti inú èròjà tí a kò tíì sè: àwòrán ìkòkò tí ó dé òrùlé ilé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ fait maison. Ẹ máa wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oúnjẹ.

Ní ọ̀sán, formule abala méjì máa ń wà láàárín 20 sí 30 yúrò fún ẹnì kan ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ní alẹ́, tí ẹ bá ń yan oúnjẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣírò 40 sí 60 yúrò fún ẹnì kan pẹ̀lú ife wáìnì. Michelin, ilé iṣẹ́ táyà tí ń tẹ ìwé atọ́nà ilé oúnjẹ, ní àmì tí ó bá irú ilé yìí mu gan-an, Bib Gourmand, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997 fún ilé tí oúnjẹ rẹ̀ dára tí owó rẹ̀ kò sì gani lára; ẹni tí kò bá mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lè fi àwọn tí ó wà lórí àkọsílẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀.

Àìlera rẹ̀ wà lórí ìdánilójú. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Ajé àti oṣù Kẹjọ kì í ṣe ọ̀rẹ́ bistro, tábìlì rẹ̀ sì máa ń há. Ẹ gba àyè sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n pín alẹ́ wọn sí ọ̀nà méjì, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ní ń gba àlejò àkọ́kọ́ ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀, tí wọ́n sì ń gba àlejò kejì ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Tọkọtaya ni kí ó mú ti ẹ̀ẹ̀kejì. Kò sí ẹni tí ń dúró de tábìlì yín mọ́, alásè ti ń mí díẹ̀, ẹ sì lè jókòó ti ife yín títí tí wọn yóò fi máa gbé àga sórí tábìlì. Kì í wọ́pọ̀ kí wọ́n gbé ìwé owó wá láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Kì í ṣe pé wọ́n fojú fo yín, ìwà ọmọlúàbí ibẹ̀ ni.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí wọ́n jọ bistro ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe é, tí wọ́n wọ́pọ̀ yí ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame àti orí òkè Montmartre ká. Bí ẹnì kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń pe àlejò, bí àwòrán oúnjẹ bá wà nínú ìwé tí wọ́n kọ ní èdè mẹ́fà, ẹ máa bá ẹsẹ̀ yín lọ. Òpópónà méjì péré sẹ́yìn ibẹ̀, ọ̀rọ̀ a máa yàtọ̀.

Brasserie: ilé ńlá tí kì í tètè ti ilẹ̀kùn

Ilé ìpọntí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Alsace, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, tí púpọ̀ nínú wọn sá wá sí Paris lẹ́yìn ogun Faransé àti Prussia ti 1870 sí 1871, ni wọ́n mú òkìkí rẹ̀ gbòòrò pẹ̀lú ọtí bíà àti oúnjẹ ìlú wọn. Lára àwọn tí ó ṣì wà ni Bofinger ti ọdún 1864, Lipp ti ọdún 1880 àti La Coupole ti ọdún 1927. A lè ka Le Train Bleu mọ́ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ga ju tiwọn lọ: inú ibùdó ọkọ̀ ojú irin Gare de Lyon ni ó wà láti ọdún 1901, àwòrán ọ̀dà sì kún àjà rẹ̀ àti ògiri rẹ̀ débi pé ènìyàn lè gbàgbé láti jẹun.

Ohun tí brasserie fi ju gbogbo wọn lọ ni pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dáná láti ọ̀sán títí di òru láìdúró, ní ọjọ́ Àìkú pàápàá, àyè inú rẹ̀ sì fẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ kì í yà yín lẹ́nu, kì í sì já yín kulẹ̀, àfi pé ẹ ó san 40 sí 70 yúrò fún ẹnì kan, tí apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ owó dígí, idẹ àti ìtàn. Bí ẹ bá béèrè ìjókòó aláwọ tí ó fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ ó rí i pé ariwo ńlá gbọ̀ngàn náà a máa pa ọ̀rọ̀ yín mọ́ kúrò létí àwọn ẹlòmíràn ju ìdákẹ́jẹ́ bistro lọ.

Ilé oníràwọ̀

Ilé iṣẹ́ táyà Michelin ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé atọ́nà rẹ̀ ní 1900 fún àwọn onímọ́tò. Ní 1926 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ilé oúnjẹ ní ìràwọ̀, ní 1931 ni wọ́n sì mú un dé mẹ́ta. Ìràwọ̀ kan túmọ̀ sí pé ó yẹ kí a dúró níbẹ̀, méjì sọ pé ó yẹ kí a yà kúrò lọ́nà nítorí rẹ̀, mẹ́ta sì sọ pé ó yẹ kí a torí rẹ̀ nìkan rin ìrìn àjò. Ohun tí púpọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé oúnjẹ inú àwo nìkan ni wọ́n ń fún ní ìràwọ̀. Ẹwà ilé àti ìtura ìjókòó kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ lè bá ilé oníràwọ̀ kan tí ó há bí bistro.

Ní alẹ́, ilé oníràwọ̀ mẹ́ta lè gba ju 300 yúrò lọ lọ́wọ́ ẹnì kan kí a tó ka ohun mímu. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ilé oníràwọ̀ kan ṣoṣo ní menu tí owó rẹ̀ fi púpọ̀ dín sí ti alẹ́, láti inú ilé ìdáná kan náà, lọ́wọ́ alásè kan náà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ gbé e sí ọ̀sán. Ẹ ó wà lójú jíjí láti mọ ohun tí ẹ ń jẹ, wákàtí méjì ààbọ̀ tí ó gbà kò ní sọ yín di olóorun lórí àga, ẹ ó sì tún ní ìrọ̀lẹ́ láti rìn ín dà nù lẹ́bàá odò. Ẹ gba àyè sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, àti oṣù mélòó kan fún àwọn tí òkìkí wọn kàn. Ọ̀pọ̀ ń gba nọ́ńbà káàdì báńkì, wọn a sì yọ owó bí ẹ kò bá yọjú. Ìgbà yẹn náà ni kí ẹ ti sọ ohun tí ẹ kì í jẹ, nítorí alásè tí ó ti to abala méje kalẹ̀ kò lè yí i padà nígbà tí ẹ bá ti jókòó.

Orí omi àti òkè gogoro

Ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé oúnjẹ alẹ́ lórí odò Seine, pẹ̀lú ilé oúnjẹ Jules Verne tí ó wà lórí àjà kejì ilé gogoro Eiffel, ní nǹkan bí mítà 125 sókè, ni àwọn olùpolówó ìrìn àjò ìfẹ́ kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Wọn kò dọ́gba. Jules Verne jẹ́ ilé ìdáná gidi, owó rẹ̀ sì ni ti ilé oníràwọ̀. Nínú ọkọ̀, ojú ìran ni ẹ ń rà: owó tí ẹ san ni ó ń sọ bóyá ẹ ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tàbí láàárín, oúnjẹ tí wọ́n sì sè fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún àlejò ní wákàtí kan náà kò lè bá ti bistro díje. Ẹ jẹun níbòmíràn, kí ẹ wá wọ ọkọ̀ lásán tí kò ní oúnjẹ, tí owó rẹ̀ kéré púpọ̀. Ilé gogoro náà máa ń ṣẹ́jú wìrìwìrì fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ti san owó.

Búrẹ́dì lórí koríko, àti Agbègbè 18

Kò pọn dandan kí ẹ máa jókòó nílé oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Búrẹ́dì gígùn tí wọ́n ń pè ní baguette tradition, tí òfin ọdún 1993 kò gbà kí wọ́n fi sínú yìnyín, wàràkàṣì àti èso láti ọjà àdúgbò tó fún ọ̀sán méjì nínú márùn-ún, ìgbátí odò Seine ní apá ọ̀tún, tí wọ́n ti lé ọkọ̀ kúrò nínú rẹ̀ láti 2016, sì ní àyè tí ẹni méjì lè jókòó sí.

Bí ó bá di ọjọ́ kẹta tí ahọ́n yín bẹ̀rẹ̀ sí í wá ata, ẹ wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Château Rouge ní Agbègbè 18, ọ̀kan lára àwọn agbègbè tí wọ́n pín ìlú náà sí. Ìrẹsì ẹlẹ́ja ti Senegal àti attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ti Côte d'Ivoire, wà níbẹ̀, ẹran rẹ̀ jinná, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ halal. Ilé oúnjẹ ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìdákẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ohun tí ń mú inú ọmọ Yorùbá dùn lájò tó àwo ìrẹsì tí ó ta lẹ́nu.

Ta ni kí ó yan èwo?

Ẹ̀yin tí owó yín kò pọ̀, tí ẹ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ẹ jẹ alẹ́ méjì ní bouillon, ẹ jẹ ọ̀sán yín lórí koríko, kí ẹ fi ohun tí ó ṣẹ́kù jẹ alẹ́ kan ṣoṣo ní bistro tí ó ní Bib Gourmand. Tọkọtaya tí wọ́n ń ṣe àjọyọ̀ ọdún ìgbéyàwó, tí wọ́n sì fẹ́ kí ó hàn, ilé oníràwọ̀ kan ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ Ẹtì ni tiwọn, lẹ́yìn náà bistro ní àwọn alẹ́ yòókù; kí wọ́n má fi í sí ọjọ́ tí wọ́n dé, nítorí ọkọ̀ òfuurufú a máa pẹ́.

Àwọn àgbàlagbà, àti ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́, yóò gbádùn brasserie ju bouillon lọ, bí wọ́n bá dé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ kí èrò tó kún. Bí ọ̀kan nínú yín bá ní ọ̀pọ̀ ohun tí kì í jẹ, bistro tí alásè rẹ̀ ń jáde wá sí ìdí tábìlì ni kí ẹ wá, kì í ṣe ilé oníràwọ̀ tí abala oúnjẹ rẹ̀ kò ṣeé yí. Ẹ̀yin tí ìsinmi yín sì bọ́ sí ọjọ́ Àìkú sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun nínú oṣù Kẹjọ, kí ẹ yáa gbà pé brasserie ni ilé yín, kí ẹ sì pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó jáde ní hòtẹ́ẹ̀lì.